Ta Ló Ni Káàdì Ìró? Ìtàn Ìjà Àwọn Alágbàtà Ìró Lórí Linux, 1992 sí 2023

Fáìlì kan wà lọ́wọ́ mi tí mo gbà sílẹ̀ ní Kétu ní ọdún 2009. Ìyá àgbà kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń to ìran ilé wọn fún mi, ẹni tó bí ẹni, ẹni tó ṣí kúrò, ẹni tó padà wá. Ogójì ìṣẹ́jú ni ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí mo jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀, mo rí i pé kò sí ìṣẹ́jú kan tí ohùn náà kò já. Kì í ṣe pé ó dákẹ́. Ó kàn ń fò ni, bí ìgbà tí ènìyàn fi abẹ gé okùn ní wẹ́wẹ́ tó sì so ó padà láìwo ohun tó bọ́ sílẹ̀. Èdè mìíràn wà tí etí lè fi òye dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, ohùn nìkan ló ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀. Bí sílébù kan bá jábọ́ nínú orúkọ, orúkọ ẹlòmíràn ló ń dà.

Mo bú máíkì, mo bú bátìrì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi fúnra mi ni mo ti fi ọwọ́ ara mi da ètò ìró kọ̀ǹpútà náà rú: mo fi ètò kan lé orí òmíràn, mo yọ èkejì ní ìdajì, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa du káàdì kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣa ìtàn ọ̀rọ̀ yìí jọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìjà àwọn alágbàtà ìró lórí Linux kò parí nítorí pé ọ̀kan nínú wọn lágbára ju àwọn yòókù lọ. Ó parí nígbà tí ẹnì kan kọ́ láti máa jẹ́ orúkọ gbogbo wọn. Ọgbọ́n yẹn kì í sì í ṣe tuntun; ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ìrísí tí ẹnikẹ́ni kò kà sí.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀. Alágbàtà ìró ni mo ń pe ohun tí àwọn Faransé ń pè ní « serveur de son ». Ètò kan ni tó dúró láàárín àwọn ètò tó fẹ́ fọhùn àti káàdì tó ní ẹnu. Orin ń kọ lọ́wọ́ kan, lẹ́tà tuntun fẹ́ dún lọ́wọ́ kejì, ẹnì kan sì ń pè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Alágbàtà gba gbogbo rẹ̀, ó lú u pọ̀, ó sì gbé ẹyọ kan fún káàdì. Bí alágbàtà kò bá sí, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ni ilẹ̀kùn.

Bó sì ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Linus Torvalds gbé Linux jáde ní 1991. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Hannu Savolainen, ọmọ ilẹ̀ Finland bíi tirẹ̀, kọ ètò tó jẹ́ kí káàdì Sound Blaster lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni Open Sound System ti jáde, èyí tí a ń pè ní OSS. Ìlànà rẹ̀ rọrùn débi pé ó dùn ún kà: fáìlì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ /dev/dsp, ètò tó bá fẹ́ fọhùn á ṣí i, á kọ ìró sínú rẹ̀, á sì pa á dé. Nígbà tí ètò kan bá ṣí i, èyí tó dé lẹ́yìn yóò gbọ́ pé ọwọ́ dí. Kò sí ìtòsẹ̀, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè fẹjọ́ sùn.

Àwọn káàdì kan wà tí kò mọ ìṣòro yìí, nítorí pé inú wọn fúnra wọn ni wọ́n ti ń lú ìró pọ̀. Sound Blaster Live! jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n irú káàdì bẹ́ẹ̀ wọ́n. Ìlànà AC'97 tí Intel gbé kalẹ̀ ní 1997 ló sọ ìró di ohun olówó pọ́ọ́kú lórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé ó ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ káàdì sórí ètò. Káàdì kékeré tó wà lára bọ́ọ̀dù kò mọ̀ ju kó gba ẹyọ ìró kan kó sì sọ ọ́ jáde. Mo dárúkọ èyí nítorí pé irú rẹ̀ ló wà nínú tòkunbọ̀ tí a ń rà ní Kútọ̀nú, ẹrù tí wọ́n ń pè ní « France au revoir ». Ìjà alágbàtà jẹ́ ìjà àwọn tí ẹ̀rọ wọn kò wọ́n. Ẹni tó ní káàdì gidi lè gbé ọdún mẹ́wàá láìmọ̀ pé ìjà kankan ń lọ.

Àwọn alágbàtà àkọ́kọ́ dé ní òpin ọ̀rúndún ogún, láti inú àwọn ilé ńlá méjì tó ń ṣe ojú kọ̀ǹpútà. GNOME mú EsounD, tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe fún Enlightenment. KDE mú aRts, iṣẹ́ Stefan Westerfeld, wọ inú KDE 2 ní ọdún 2000. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Àwọn méjèèjì wá láti pín káàdì fún aráyé, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè pín in, wọ́n ní láti kọ́kọ́ gbà á mú. EsounD ṣí /dev/dsp, ó di ilẹ̀kùn mú. Bí aRts bá dé, ilẹ̀kùn ti tì. Alágbàtà wá di onílé. Ẹni tó ń lo GNOME tó sì fẹ́ràn ètò kan láti ilé KDE yóò máa pa ọ̀kan kó tó jí èkejì. Àwọn tó ń kọ ètò orin kò ríbi sá sí ju pé kí wọ́n fi àkójọ sílẹ̀ fún oníṣe kó yan fúnra rẹ̀: OSS ni ẹ fẹ́ ni, àbí EsounD, àbí aRts? Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ̀rọ dá lóhùn ni wọ́n ń bi ẹni tó kàn fẹ́ gbọ́ orin.

Níbẹ̀ náà ni èso ohun tí mo ń wá wà. Ètò púpọ̀ wà tí kò mọ alágbàtà kankan, /dev/dsp nìkan ni wọ́n mọ̀. EsounD wá ní irinṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ esddsp. aRts ní tirẹ̀, artsdsp. Bí o bá ti ètò àtijọ́ náà gba inú ọ̀kan nínú wọn, á rò pé /dev/dsp ni òun ń ṣí, kò sì mọ̀ pé inú àpò alágbàtà ni ìró òun ń bọ́ sí. Ẹ̀tàn ni. Àwọn tó ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà nígbà náà kà á sí ọgbọ́n àárẹ̀, ohun tí a ń lò títí gbogbo ètò yóò fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá alágbàtà sọ̀rọ̀ tààrà. Ọjọ́ yẹn kò dé. Nígbà tí mo tún àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn kà lẹ́yìn 2021, irinṣẹ́ méjì tí wọ́n fojú kéré yìí ló jọ mí lójú ju àwọn alágbàtà fúnra wọn lọ.

Ní àkókò kan náà, ìsàlẹ̀ ń yí padà. Jaroslav Kysela ti bẹ̀rẹ̀ ALSA ní 1998. Ohun tó kọ́kọ́ wá ni kí káàdì Gravis UltraSound tirẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa. OSS tó pé pérépéré ti di ọjà tí ilé iṣẹ́ kan ń tà, èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú kẹ́nẹ́lì sì ń rọ́ sẹ́yìn. ALSA wọ inú kẹ́nẹ́lì ní 2002. Nígbà tí Linux 2.6 jáde ní oṣù Kejìlá 2003, ALSA ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀, wọ́n sì sọ OSS di ohun àtijọ́. Ní 2007 ni wọ́n ṣí orísun OSS sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ọjà ti tú.

ALSA ní ohun kan tó ń jẹ́ dmix, tó lè lú ìró ètò púpọ̀ pọ̀ láìsí alágbàtà kankan. Àwọn kan ṣì ń sọ títí dòní pé dmix ti tó, pé gbogbo ohun tó dé lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ àṣejù. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Bí o bá so gbohùngbohùn USB mọ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí orin ń lọ, dmix kò lè gbé orin náà lọ síbẹ̀. Bí ètò àtijọ́ bá sì gba ẹ̀yìnkùlé OSS tí ALSA fi sílẹ̀ nínú kẹ́nẹ́lì wọlé, ó ti fo dmix kọjá: á di káàdì mú pátápátá bíi ti 1992.

Àwọn olórin ní tiwọn kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí, nítorí ìbéèrè tiwọn yàtọ̀. Paul Davis, tó kọ Ardour, ló kọ JACK, tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Ohun tí JACK ń wá ni kí ìró tó wọlé báyìí jáde báyìí, kí ẹni tó ń lu ìlù má gbọ́ ìlù ara rẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́. Kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ káàdì fún ara rẹ̀ nìkan, ètò tó bá sì pẹ́ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, JACK lè yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń lò ó ní láti pa gbogbo alágbàtà yòókù kó tó jí i.

Ní 2004 Lennart Poettering bẹ̀rẹ̀ Polypaudio, tó yí orúkọ padà sí PulseAudio ní 2006. Lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fi ń ṣìnà jù. Wọ́n á ní PulseAudio ló ba ìró Linux jẹ́. Òótọ́ ni pé nígbà tí Fedora 8 gbé e kalẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2007, tí Ubuntu 8.04 sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹrin 2008, igbe ta. Ìró ń já, ètò ń kú. Bí o bá pa PulseAudio báyìí, ó tún jí fúnra rẹ̀, nítorí pé wọ́n ti kọ́ ọ láti jí nígbàkígbà tí ètò kan bá pè é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀. PulseAudio ń fi aago kọ̀ǹpútà ṣírò ibi tí káàdì bá iṣẹ́ dé, kó má baà máa jí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lásán kí bátìrì máa tán. Kí ìṣírò yìí tó lè pé, ètò tó ń darí káàdì ní ìsàlẹ̀ ní láti sọ òótọ́ nípa ibi tó dé. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò sọ òótọ́, kò sì sí ẹni tó ti bi wọ́n rí. PulseAudio ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ wọn, òun náà ló sì jẹ̀bi lójú aráyé nígbà tí irọ́ náà tú. Ohun tí mo lè fi bá a wí ni pé àwọn tó pín in fún gbogbo ènìyàn kò dúró kí ìsàlẹ̀ tó gún.

Àkókò yẹn gan-an ni èmi wà ní Kétu pẹ̀lú ẹ̀rọ mi. Ètò tí mo fi ń gba ohùn rò pé káàdì ni òun ń bá sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ alágbàtà tí mo ti yọ ní ìdajì ló dúró láàárín, wọn kò sì gbọ́ ara wọn yé lórí iye àkókò tó ti kọjá. Èyí tó ń gbà sílẹ̀ ń dé lẹ́yìn. Ohun tí kò bá rí kó, á dànù. Mo ń wo àwòrán ìró náà lójú fèrèsé ètò bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, ọkàn mi balẹ̀.

PulseAudio mú ohun méjì wá tó ṣe pàtàkì sí àlàyé mi. Èkíní ni pé ó ń sọ èdè EsounD. Ètò GNOME tó ń wá EsounD bá PulseAudio níbẹ̀, wọn kò sì mọ̀ pé ẹlòmíràn ló ń dá wọn lóhùn. Ó tún ní irinṣẹ́ padsp fún àwọn tó ṣì ń wá /dev/dsp. Ọmọ esddsp ni, orúkọ fúnra rẹ̀ ti fi hàn.

Èkejì ni ọ̀nà tí òun àti JACK gbà láti yẹra fún ara wọn. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé òun nìkan ni ìgbà tí mo rí tí àwọn méjì jókòó láti ṣe àdéhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, oníṣe ló ń ṣe é fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ pasuspender, tó ń sọ fún PulseAudio pé kó gbé ọwọ́ kúrò lórí káàdì títí ètò kan yóò fi ṣe tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìlànà kalẹ̀ lórí D-Bus, ọ̀nà tí àwọn ètò fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Ẹni tó bá ń lo káàdì á mú orúkọ kan tó jẹ́ ti káàdì náà lórí D-Bus, á sì so nọ́ńbà mọ́ ọn tó ń sọ bí àìní rẹ̀ ṣe tó. Bí ẹlòmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù bá dé, kì í já a gbà. Á ránṣẹ́ pé kí onílé jọ̀wọ́ rẹ̀. Onílé lè yọ̀ǹda, ó sì lè kọ̀. Bí JACK bá dé, PulseAudio máa ń yọ̀ǹda. Àdéhùn yìí dára, ó sì ṣiṣẹ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé nígbà tí JACK bá wà lórí oyè, gbogbo ètò tó gbẹ́kẹ̀ lé PulseAudio ti yadi. Àwọn kan so PulseAudio mọ́ abẹ́ JACK láti yanjú ìyẹn, kí alágbàtà máa ra ọjà lọ́wọ́ alágbàtà. Mo gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀sán kan láti fi ṣòfò lè ṣe é.

Ẹni tó wá yanjú ọ̀rọ̀ kò tiẹ̀ wá nítorí ìró. Wim Taymans, ọ̀kan nínú àwọn tó dá GStreamer sílẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní Red Hat lórí bí ètò púpọ̀ ṣe lè pín kámẹ́rà kan. Pinos ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ní 2017 ó ti ń jẹ́ PipeWire, ìró sì ti wọ inú ètò rẹ̀. Mo rò pé bó ṣe gba ẹ̀gbẹ́ wọlé yìí ràn án lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alágbàtà ìró tuntun, nítorí náà kò sí ẹni tó tètè bá a ṣọ̀tá.

Nígbà tó dé ìdí káàdì, kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ èdè òun. Ètò tí wọ́n kọ fún PulseAudio bá a tó ń sọ èdè PulseAudio. Èyí tí wọ́n kọ fún JACK bá àwọn iṣẹ́ JACK níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn, ó sì ń bá olórin yára bó ṣe yẹ. Èyí tó mọ ALSA nìkan gba ọ̀nà ALSA wọlé. Ìpinnu nípa ẹni tí yóò fọhùn níbo ni wọ́n yọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún ètò ọ̀tọ̀ kan, WirePlumber. Ohun tí wọ́n kà sí ọgbọ́n àárẹ̀ nígbà esddsp ni wọ́n fi kọ́ ilé odindi yìí. Fedora 34 fi í rọ́pò PulseAudio àti JACK ní oṣù Kẹrin 2021, Ubuntu 22.10 tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹwàá 2022, Debian 12 mú un fún GNOME ní oṣù Kẹfà 2023, PipeWire 1.0 sì jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Igbe ta díẹ̀, kò pọ̀ tó ti 2008. Àwọn ètò tó ń darí káàdì ti kọ́ láti máa sọ òótọ́ lásìkò yìí. PulseAudio ló jìyà títí wọ́n fi kọ́ ọ, kì í sì í ṣe PipeWire.

Ìjà náà kò tán pátápátá o, ó kàn ṣípò ni. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan wá bá mi nínú ẹ̀ka wa tí ìró rẹ̀ ń wá tó ń lọ. Mo kọ́kọ́ lo àṣẹ àtijọ́, fuser -v /dev/snd/*, tó ń fi ẹni tó di káàdì mú hàn. Káàdì kò ní wàhálà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé PulseAudio àti PipeWire jọ wà lórí ẹ̀rọ náà, àwọn méjèèjì sì fẹ́ jókòó sí àdírẹ́sì kan náà tí àwọn ètò ti ń wá PulseAudio. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí láàárọ̀ ló ń gbà á. Ní 1999 káàdì ni wọ́n ń dù. Nísinsìnyí orúkọ ni. Mo ní kí systemctl --user mask pulseaudio.service pulseaudio.socket ti àtijọ́ mọ́lé, kó má lè jí mọ́. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo tún un tàn, mo sì lo pactl info láti bi í léèrè ta ló wà lórí ìjókòó. Ó dáhùn pé PulseAudio ni orúkọ òun, lórí PipeWire.

Mo gbé fáìlì Kétu sórí ẹ̀rọ yẹn kan náà kí n tó dá a padà fún oní-nǹkan. Ó dún ketekete, kò sí ohun tó ń já nínú bó ṣe ń jáde. Àwọn àlàfo 2009 wà níbi tí wọ́n wà. Nínú ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ ìyá náà sí, mo fi ìlà gígùn sí ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti já, mo sì kọ iye ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí àwọn ọmọ ilé náà tó bá mọ ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀.